Ilé Wa Nínú Ìwé: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ìwé Aláwòrán fún Àwọn Ọmọdé

Nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́, ohun tí a sábà máa ń rí kà ni ìtàn àwọn olùdásílẹ̀, ìròyìn eré ìdárayá, àti àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gba ipò kìíní. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá bẹ àyè lọ́wọ́ olóòtú ní ọdún yìí, kí a lè fi ojú ìwé díẹ̀ ṣe ẹ̀kọ́ lórí irú ìwé kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé àwọn ti dàgbà kọjá rẹ̀. Èyí ni ìwé aláwòrán tí a ń ṣe fún ọmọdé, pàápàá jù lọ èyí tí ó dá lórí ìgbé ayé ojoojúmọ́ nínú ilé: ìyá àti bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àti bí ọmọ ṣe ń dàgbà díẹ̀díẹ̀.

Ní Amùkòkò, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ń tẹ́ ọmọdé sùn lálẹ́. Ìyá lè má tíì ti ọjà Boundary dé. Bàbá lè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Àpápá, tàbí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró ní Òrílé. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní kíláàsì wa ni ó ń bọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn àbúrò, òun ni ó ń bu oúnjẹ fún un, òun náà ni ó ń tẹ́ ẹní. Ẹ̀gbọ́n yìí ni olùkọ́ ìwé kíkà àkọ́kọ́ tí àbúrò rẹ̀ ní, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Nígbà tí ọmọ kan bá dé ọ̀dọ̀ wa ní JSS 1, tí ó sì ń ka gbólóhùn kan bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú àgbàrá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ṣubú. Ó ti ṣubú láti ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, nígbà tí ìwé jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà á, tí kò sí ẹni tí ó gbé e lé itan kí ó ṣí i fún un. Ìdí nìyí tí a fi ń bá ẹ̀yin àgbà akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé ọmọdé. Ọwọ́ yín ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kì í ṣe gbogbo ìwé tí ó ní àwòrán ni ìwé aláwòrán. Ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá alààyè kún fún àwòrán, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè dá dúró bí a bá fa gbogbo àwòrán náà ya. Nínú ìwé aláwòrán tòótọ́, ọ̀rọ̀ àti àwòrán jọ ń sọ ìtàn kan ṣoṣo ni, bí ènìyàn méjì tí wọ́n jọ gbé agbada omi. Bí ẹnì kan bá yọ ọwọ́, omi á dànù.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ tí a lè fi lélẹ̀ ni ìwé tí Atinuke pè ní 'Baby Goes to Market', tí ó jáde ní ọdún 1999 ó lé 18, èyíinì ni 2017, tí Angela Brooksbank sì ya àwòrán rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Atinuke, orílẹ̀-èdè Wales ni ó ń gbé. Ìtàn náà kò ju pé ìyá kan pọn ọmọ lọ sí ọjà. Ìyá gbé agbọ̀n rù, ó ń ra ọjà tirẹ̀. Ọmọ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì lẹ́yìn ìyá rẹ̀, inú àwọn ọlọ́jà sì dùn sí i. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n orí ìyá rẹ̀. Ọlọ́sàn fún un ní márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan, ó ju mẹ́rin sókè. Báyìí ni ó ṣe kan chin-chin mẹ́rin, àgbàdo mẹ́ta, àti àgbọn méjì. Ìyá kò mọ nǹkan kan. Ó kàn ń rò pé agbọ̀n náà ń wúwo sí i ni. Nígbà tí ó sọ ẹrù kalẹ̀, ẹnu yà á sí ohun tí kò rà. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́jà ti ṣàlàyé fún un, àánú ọmọ wá ṣe é, ó rò pé ọmọ náà kò tíì fi ẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀!

Ẹ wo ibi tí ayọ̀ ìtàn náà wà. Ìyá kò mọ̀, ọmọ tí à ń kà á fún mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ lẹ́tà kan ti rí ohun tí àgbà inú ìwé kò rí, ó sì ń fò sókè láti sọ ọ́. Àwòrán ni ó sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n. Ìṣirò sì tún wà níbẹ̀ tí kò pariwo, nítorí pé mẹ́fà ń di márùn-ún, márùn-ún ń di mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé aláwòrán kan dára, ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ wo àwòrán nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ bo àwòrán, kí ẹ ka ọ̀rọ̀. Bí ìtàn bá pé síbẹ̀ nígbà méjèèjì, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jókòó lásán.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ ilé kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Wọ́n á ní Ìjàpá dà, ọba dà, ẹ̀kọ́ ìwà dà? Kí ni ìtàn wà nínú ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀, tàbí nínú ẹran ọbẹ̀ tí a pín? A kò kẹ́gàn Ìjàpá. Òun ni ó tọ́ wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí Olúwa wa fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ni. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, obìnrin kan tan fìtílà, ó ń gbá ilé nítorí owó kan ṣoṣo tí ó sọnù. Òmíràn ń po ìwúkàrà mọ́ ìyẹ̀fun. Ní orí kọkànlá, ọ̀rẹ́ kan ń kan ilẹ̀kùn láàárín òru, onílé sì dáhùn láti orí ibùsùn pé òun àti àwọn ọmọ òun ti sùn, òun kò lè dìde. Ẹni tí ó bá ń gbé yàrá kan ní Amùkòkò kò nílò olùtumọ̀ fún ibẹ̀ yẹn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá dìde lóru láti ṣí ilẹ̀kùn yóò tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó mọ ohun ọ̀run gbogbo kò ka yàrá tí ìdílé sùn kún sí ohun tí kò yẹ ní sísọ. Lúùkù kan náà ni ó jẹ́ kí a rí Jésù ní ọmọ ọdún méjìlá, tí àwọn òbí rẹ̀ ń wá a kiri fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì bá wọn padà sí Násárẹ́tì láti máa dàgbà lábẹ́ àṣẹ wọn.

Bíṣọ́ọ̀bù kan tí ó tún jẹ́ olùkọ́ ni ó ṣe ìwé tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá gbogbo ìwé aláwòrán ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni Comenius, ará Moravia, a sì tẹ ìwé náà, 'Orbis Sensualium Pictus', ní Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1658. Ó fi nọ́ńbà sí ara àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó sì fi nọ́ńbà kan náà sí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, kí ọmọ lè máa fi ìka tọ́ka sí i. Kò mú ayé tí ó jìnnà nìkan. Ilé wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, òbí àti ọmọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ènìyàn ṣe ń ti ọmọ ọwọ́ di arúgbó. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 1962 ni Ezra Jack Keats gbé 'The Snowy Day' jáde. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Peter rìn nínú yìnyín, ó fi ìṣù yìnyín kan sí àpò aṣọ rẹ̀, nígbà tí ó padà wá wò ó, kò bá a mọ́. Èyí ni gbogbo ìbànújẹ́ inú ìwé náà, ó sì tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe gudugudu. Gbogbo ẹni tí ó kàwé Yorùbá ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó jẹ J. F. Ọdúnjọ ní gbèsè ọpẹ́ nítorí Aláwìíyé. Mabel Ṣẹ́gun, ọmọ àlùfáà, kọ 'My Father's Daughter' ní ọdún 1965 nípa ìgbà èwe rẹ̀ nínú ilé ìsìn. Ìwé ìtàn ni, kì í ṣe ìwé aláwòrán, àmọ́ ó fi hàn pé ìgbà èwe ọmọ Nàìjíríà tó ohun tí à ń kọ. Christie Adé Àjàyí, ọmọ Ilé-Olújìí tí ó kàwé ní Kúdẹ̀tì, tí ó sì fi ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, gbé 'Ade, Our Naughty Little Brother' jáde ní ọdún 1974. Àkọlé náà nìkan ti tó ẹ̀rín: àbúrò oníjàngbọ̀n, ta ni kò ní ọ̀kan nílé? Rẹ̀mí Adédèjì náà kọ 'Papa Ojo and His Family'.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí èdè àwọn àkọlé wọ̀nyí. Àfi Aláwìíyé, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Bàbá Òjò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìyàwó rẹ̀ nínú ìwé. A kò dá àwọn òǹkọ̀wé náà lẹ́bi. Ibi tí ọjà ìwé wà ni wọ́n gbé e lọ. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ ilé bá ti fẹ́ wọ inú ìwé, ó gbọ́dọ̀ pa èdè ilé tì sẹ́nu ọ̀nà. A sì ní ẹ̀rí pé kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ òpó rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí a wọn ìmọ̀ wọn, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ńlá tí ó já lé àwọn olùkọ́ náà léjìká ni kíkọ ìwé tí wọn yóò lò, nítorí pé ìwé kò sí.

Ìwé kò tíì pọ̀ títí di òní. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe nípa rẹ̀ ni ó kù tí a ó sọ, ṣùgbọ́n ìwé kan ṣì wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò, nítorí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Ní ọdún 2020, Atinuke kan náà gbé 'Too Small Tola' jáde, Onyinye Iwu ni ó ya àwòrán rẹ̀. Tọ́lá ń gbé ilé àwọn aláìlówó ní Èkó pẹ̀lú ìyá-ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin Mojí, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin Dàpọ̀. Iná kì í sí, omi kì í sí, wọ́n ń tò sí ìdí ẹ̀rọ omi. Télọ̀ àdúgbò ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọdún Àjíǹde àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ súnmọ́lé, Tọ́lá sì gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti bá a wọn aṣọ àwọn oníbàárà. Ọmọ Kristẹni ń ran télọ̀ Mùsùlùmí lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó dúró wàásù lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń rí ní ilé 'face-me-I-face-you' tiwa, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Urhobo àti Ìlàjẹ jọ ń lo iyàrá ìdáná kan.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́ níbẹ̀ ni òtítọ́ láìsí àṣejù. Ìwé náà kò fi ìṣẹ́ pamọ́, kò sì fi tọrọ àánú. Oríṣi ìwé méjì ni àwa kò fẹ́ rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Èkíní ni èyí tí ó ya Amùkòkò bí ẹni pé àgbàrá àti ìdọ̀tí nìkan ni ó wà níbẹ̀, tí gbogbo ọmọ ń sunkún. Èkejì ni èyí tí bàbá rí owó gbà lójú ìwé tí ó kẹ́yìn, tí wọ́n sì kó lọ sí Lekki. Ọmọ tí a ń kà á fún kò ní kó lọ sí ibì kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí ẹní kan náà ni yóò sùn, a sì ti sọ fún un pé ìtàn rere kì í parí níbẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kékeré. Àkọ́kọ́ ìgbà tí wọ́n rán ọmọ nìkan lọ pọn omi. Eyín tí ó yọ. Ọjọ́ tí òjò wọlé tí a gbé gbogbo nǹkan sórí ibùsùn. A ó fi èyí tí àwa fúnra wa gbìyànjú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan, ẹ jẹ́ kí a pè é ní Dáre, ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ìran kìíní wí pé: 'Ibi tí mo ń sùn nìyí.' Àwòrán fi Dáre hàn láàárín ìyá rẹ̀ àti ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ikùn ìyá náà, ikùn náà sì ti tóbi. Ìran kejì: 'Ẹnì kan dé.' Àwọn ará ilé kún ẹnu ọ̀nà, ìyá Ìgbò tí ó ń gbé yàrá òdìkejì gbé abọ́ ọbẹ̀ dání. Ìran kẹta: 'Ó kéré, ṣùgbọ́n ó gba àyè púpọ̀.' Ọmọ tuntun ni ó wà lẹ́bàá ògiri báyìí. Ìran kẹrin: 'Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀ lórí ẹní.' Ìkarùn-ún: 'Ẹní kò ní ògiri.' Ìkẹfà: 'Iná lọ. Ooru mú.' Ojú ìwé ṣú dúdú, ẹnu ọmọ tí ń ké nìkan ni a rí. Ìkeje: 'Abẹ̀bẹ̀ dà?' Dáre ti dìde, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àbúrò rẹ̀, oorun sì ti fẹ́ gbé òun alára lọ. Ìkẹjọ kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá nìkan ni ó wà lórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n, Dáre àti ọmọ tuntun sùn lórí ẹní, abẹ̀bẹ̀ sì wà láyà Dáre.

Kò sí ibi tí a ti sọ pé Dáre dàgbà. Bí ẹ bá fi ìran kẹsàn-án kún un, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yẹ kí a fẹ́ràn àbúrò wa, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ń gbọ́. Kókó ọ̀rọ̀ ni kí òun fúnra rẹ̀ rí i.

Bẹ́ẹ̀bà mẹ́rin tí a pa sí méjì tí a sì ki bọ inú ara wọn yóò fún yín ní ojú ìwé 16. Àkọlé wà lójú ìwé kìíní; ìran méje gba ojú ìwé méjì méjì láti 2 títí dé 15; ìran ìkẹyìn dá wà lójú ìwé 16, lẹ́yìn, níbi tí ọmọ yóò ti ṣí i bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ fi òwú àti abẹ́rẹ́ rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 32, nítorí pé bẹ́ẹ̀bà ńlá ni wọ́n ń pa tí wọ́n sì ń gé. Ẹni tí kò mọ àwòrán yà kò ní àwáwí: Ifeoma Onyefulu fi kámẹ́rà ṣe 'A is for Africa' ní ọdún 1993, àwọn ènìyàn gidi ni ó wà nínú rẹ̀. Fóònù yín lè ṣe bákan náà, bí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà.

Ẹ má ṣe fi àmì ohùn sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń rò pé ọmọdé kò nílò rẹ̀. Ọmọdé gan-an ni ó nílò rẹ̀, àwòrán sì ni olùkọ́ àmì ohùn tí ó dára jù. Ẹ padà sí ọmọ orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ́jà. Ó ju àgbọn sínú agbọ̀n. Bí ẹ bá yọ àmì kúrò, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni agbọ́n tí ń tani àti àgbọ̀n tí irùngbọ̀n ń hù sí. Ọmọ tí ó rí àgbọn tí ó ń já bọ́ sínú agbọ̀n kò ní ṣì wọ́n mú mọ́. Kí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ wà nínú àwòrán níbi tí ó bá yẹ, kí ọmọ inú ìwé sì máa fi 'ẹ' bá àgbà sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹ dá ìtàn dúró láti ṣàlàyé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rán ìwé náà tán, ẹ kà á fún ọmọ kan lálẹ́ mẹ́ta. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó ti wo òde, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ sàmì sí ibi tí ó ti gba ìwé lọ́wọ́ yín kí ó lè ṣí i fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó mú un wá fún wa, ẹ kọ orúkọ yín, kíláàsì yín àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. A ti pèsè pákó ìwé kan sílẹ̀ nínú yàrá ìkàwé, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè dé.